ÒRÙKA IMÚ ÀTI ÌDÁJỌ́ ẸNU WA

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí ó ṣẹ̀dá ọmọ ènìyàn ní ìrísí tí ó dára jùlọ. Ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó tẹ̀lé wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn. Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, mo gba ara mi àti ẹ̀yin níyànjú pé kí a páyà Ọlọ́hun.

Ẹni tí ó bá gba Ọjà Ọba kọjá, tàbí tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà Pólì ní Adó yìí, yóò rí àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tí wọ́n lu imú, tí wọ́n sì fi òrùka kékeré sí i. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ ọmọ wa, wọ́n sì ń kírun lẹ́yìn wa. Kí ni ẹnu wa ń sọ nígbà tí a bá rí wọn? Àwọn kan a ní aṣẹ́wó ni wọ́n. Àwọn mìíràn a ní wọn kò gbọdọ̀ wọ mọ́sálásí. Ó yẹ kí a bi ẹ̀sìn léèrè kí ẹnu wa tó dájọ́.

Ọlọ́hun kò ṣe ọ̀ṣọ́ ní èèwọ̀. Nínú Súrà Al-A'rāf, āyà 32, Ó bá àwọn tí ó sọ ọ̀ṣọ́ Rẹ̀ di èèwọ̀ fún àwọn ẹrúsìn Rẹ̀ wí. Ibn Abbās sì gbà á wá, nínú hádíìsì Bukhārī, pé ní ọjọ́ ọdún kan, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá a) gba àwọn obìnrin níyànjú lórí sàráà, wọ́n sì ń bọ́ yẹtí àti òrùka wọn sínú aṣọ Bilāl. Ànábì kò bá wọn wí pé wọ́n lu etí. Síbẹ̀, Imam Ghazālī tí ó kú ní ọdún 1111 kò fọwọ́ sí lílu etí ọmọbìnrin nítorí yẹtí wúrà. Ta ni nínú wa tí kò lu etí ọmọ rẹ̀?

Ní ti imú, àwọn onímọ̀ kan kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n Ibn Ābidīn, onímọ̀ ńlá ìlú Damásíkù tí ó kú ní ọdún 1836, sọ pé níbi tí ó bá ti jẹ́ ọ̀ṣọ́ àwọn obìnrin ìlú, bí lílu etí ni ó rí. Ní Bọ̀rnó, àwọn obìnrin Kànúrí àti Ṣúwà tí wọ́n jẹ́ mùsùlùmí ti ń fi í ṣe ọ̀ṣọ́ láti ayé àwọn ìyá ńlá wọn. Lọ́dọ̀ tiwa, etí lílu àti ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ni ìyá fi ń ṣe ọmọbìnrin lọ́ṣọ̀ọ́. Ti imú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ni. Ohun kan kì í di èèwọ̀ nítorí pé ó jẹ́ tuntun, bẹ́ẹ̀ ni kì í di dandan nítorí pé ẹgbẹ́ ń ṣe é.

Ẹ̀yin ará mi, ọ̀rọ̀ tí àwọn onímọ̀ ń jiyàn lé lórí ni òrùka imú obìnrin. Ẹ̀sùn àgbèrè kì í ṣe ọ̀rọ̀ iyàn. Nínú Súrà An-Nūr, āyà 4, ẹni tí ó bá fi ẹ̀sùn yìí kan obìnrin tí ó ń ṣọ́ ara rẹ̀, tí kò sì mú ẹlẹ́rìí 4 wá, ìyà kòbókò 80 ni, a kò sì gbọdọ̀ gba ẹ̀rí rẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó bá pe ọmọ ọlọ́mọ ní aṣẹ́wó nítorí irin kékeré imú rẹ̀, níbo ni àwọn ẹlẹ́rìí rẹ̀ wà? Ẹyin ni ọ̀rọ̀. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni ń fọ́.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin wa, súrà kan náà, āyà 31, ni ó pa yín láṣẹ pé kí ẹ má ṣe fi ọ̀ṣọ́ yín han ẹni tí kò tọ́ sí. Ẹ bi ọkàn yín léèrè: nítorí ta ni mo ṣe fẹ́ lu imú? Bí ó bá jẹ́ pé kí ẹgbẹ́ lè gbà yín mọ́ra ni, ẹ wo ilà ojú. Ní ayé àwọn bàbá wa, ẹni tí kò kọ ilà ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní ọ̀pọ̀ ìlú. Lónìí, ẹni tí ó kọ ọ́ ni wọ́n ń fi ṣe é, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 sì ka kíkọ ilà sí ọmọdé lára sí ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí ayé ń yìn lónìí, ayé kan náà ni yóò gàn án lọ́la. Ẹ má ṣe fi ara yín wá ojú rere rẹ̀. Ẹ gba ìmọ̀ràn òbí yín. Bí ilé ẹ̀kọ́ yín bá sì ní òfin lórí rẹ̀, àdéhùn ni. Mùsùlùmí a máa pa àdéhùn mọ́. Ẹni tí ó bá ti lu ú, kí ó jẹ́ kí omi àlùwàlá dé ibẹ̀. Ẹni tí yóò lu ú, abẹ́rẹ́ tuntun ni kí wọ́n lò, nítorí abẹ́rẹ́ àlòkù a máa kó àrùn ẹ̀dọ̀ àti àrùn kògbóògùn ranni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́mọkùnrin, ti yín yàtọ̀. Ànábì ṣẹ́bi lé ọkùnrin tí ó ń fara wé obìnrin, ó sì ṣe wúrà ní èèwọ̀ fún ọkùnrin. Òrùka fàdákà ní ìka ọwọ́ tó yín.

Ẹ̀yin òbí, a kì í fi ọwọ́ méjèèjì lé ọmọ jáde. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọmọ tí a lé lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí, ibòmíràn ni yóò gbà á, a kò sì mọ ohun tí wọn yóò kọ́ ọ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó wọlé, kí ó kírun, kí ó gbọ́ wáàsí.

Kí Ọlọ́hun fi ìwà rere ṣe ọ̀ṣọ́ fún àwọn ọmọ wa, kí Ó sì ṣọ́ ahọ́n wa. Mo sọ ọ̀rọ̀ mi yìí, mo sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún èmi àti ẹ̀yin. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀. Òun ni Aláforíjìn, Aláàánú jùlọ. Àmín.