Ara Kan

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá fún yín ní oṣù yìí wà nínú Jẹ́nẹ́sísì orí kejì, ẹsẹ 24, níbi tí Ìwé Mímọ́ ti ń sọ nípa ọkùnrin tí ó fi ilé òbí sílẹ̀ nítorí aya rẹ̀, àti ara kan ṣoṣo tí wọ́n dà.

Sinimá kan ni ó mú wa padà sí ẹsẹ yìí. Marie Losier, obìnrin ará ilẹ̀ Faransé, ni ó ṣe é ní 2011, ó sì pè é ní The Ballad of Genesis and Lady Jaye. Kì í ṣe ìtàn àròsọ. Ìgbésí ayé tọkọtaya kan ní ìlú New York ni. A bí Genesis P-Orridge, olórin àti oníṣẹ́ ọnà, ní Manchester ní 1950. Orúkọ ìwé Mósè kìn-ín-ní ni ó yàn fún ara rẹ̀. Lady Jaye, tí ó ti ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, kéré sí i ní ọdún 19. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní 1995.

Ìfẹ́ wọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò fi fẹ́ kí ìyàtọ̀ kankan kù láàrin wọn. Àwọn òǹkọ̀wé méjì, William Burroughs àti Brion Gysin, a máa gé ojú ìwé sí wẹ́wẹ́, wọn a sì tún un tò kí ọ̀rọ̀ titun lè jáde. Genesis àti Lady Jaye pinnu láti fi ara tiwọn ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹni kẹta lè ti inú àwọn méjèèjì yọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2003, ọjọ́ Valentine, wọ́n fi ara lé oníṣẹ́ abẹ lọ́wọ́, ó sì ṣe ọmú tí ó bá ara mu sí àyà àwọn méjèèjì. Wọ́n tún ojú wọn ṣe pẹ̀lú. (Èdè wa, tí ó ń fi “ó” kan ṣoṣo pe ọkùnrin àti obìnrin, ì bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn.)

A kò lè bá wọn dé ibẹ̀. Ẹlẹ́dàá tí ó so ènìyàn méjì pọ̀ kò pa ìyàtọ̀ wọn rẹ́. Pọ́ọ̀lù fi yé àwọn ará Kọ́ríńtì pé ara tí ó ní ojú kò lè ṣe aláìní etí. Aya tí ó bá dà bí ọkọ rẹ̀ nínú ohun gbogbo, báwo ni yóò ṣe rí i nígbà tí ọkọ bá ń ṣìnà?

Síbẹ̀, kí a tó rẹ́rìn-ín, ẹ gbọ́ èyí. Lady Jaye kú ní oṣù kẹwàá 2007. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, “àwa” ni Genesis ṣì ń pe ara rẹ̀, kì í ṣe “èmi”, títí òun náà fi kú ní oṣù kẹta 2020.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ilé tiwa, àwa tí a fi òrùka sọ́wọ́ níwájú pẹpẹ. Bí ọkọ bá kú, kí ilẹ̀ ibojì tó gbẹ, àwọn mọ̀lẹ́bí a ti máa béèrè kọ́kọ́rọ́ yàrá; wọn a sì wí fún opó pé àlejò ni í ṣe. Ara kan ni Ìjọ pè é ní ọjọ́ ìgbéyàwó. Ta ni ó wá sọ ìdajì ara náà di àlejò? Kì í ṣe àwọn kèfèrí nìkan ni ó ń pín ẹrù bẹ́ẹ̀. Àwọn ìgbìmọ̀ ìjọ wà níbẹ̀, àwọn olùkọ́ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwa tí a ń kọ̀wé yìí ti jókòó níbi irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ rí, láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, a kò sì la ẹnu wa àfi nígbà tí wọ́n ní kí a gba àdúrà ìparí. A gbà á. Opó náà ṣe “Àmín” pẹ̀lú wa.