Òkè Ni Mo Wò, N Ò Wo Ìsàlẹ̀

"Gbì!" Ìró kan péré, ẹ́ńjìnì sì dákẹ́. Mo tún kọ́kọ́rọ́ yí. "Gbì!" Mo yí i lẹ́ẹ̀kẹta, pẹ̀lú agídí. Àárọ̀ Sátidé ni, ní Kemah, ìlú kékeré tó wà létí Galveston Bay, kò jìnnà sí Houston tí à ń gbé. Ìyàwó mi ti gbé kúlà oúnjẹ sínú ọkọ̀, àwọn ọmọ ti wọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, gbogbo wọn ń wo ẹnu mi.

"Ṣé bátìrì náà tún ni, Dádì?" Ìyàwó mi ló béèrè bẹ́ẹ̀.

Mo ní bóyá òun ni. Mo mọ̀ nínú ara mi pé kì í ṣe òun. Bátìrì tuntun ni, kò tíì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ìró yìí kan náà ló sì mú mi rà á.

Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí. Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi tí mo mọ̀ láti kékeré, ìdí ọkọ̀ ni wọ́n máa ń gbé e kọ́, gbogbo ayé ló ń rí i. Èyí tí mo rà ní Amẹ́ríkà yàtọ̀. Inú ikùn ọkọ̀ ló jókòó sí, V8 oní 5.7 lítà. Ọkọ̀ ilẹ̀ ń fi rèdíétọ̀ pa ooru ara rẹ̀. Tèmi kò ní. Omi òkun gan-an ló ń fà wọlé, á gba inú ẹ́ńjìnì yí ká, á sì bá èéfín jáde lẹ́yìn ọkọ̀.

Ibi tí omi yẹn àti iná ti súnmọ́ ara wọn jù ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ méjì ni V8 ní. Mánífóòdù kan wà lára ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, irin wúwo tó ń gba èéfín gbígbóná láti inú sílíńdà. Ráísà ló jókòó lé mánífóòdù lórí. Òun ló ń gbé èéfín gòkè kó tó darí rẹ̀ sẹ́yìn, kí omi má baà ṣàn padà sínú ẹ́ńjìnì. Èéfín ń gba àárín àwọn irin yìí, omi ń yí i ká, ògiri irin kan ṣoṣo ló sì là wọ́n. Inú ni omi iyọ̀ ti ń jẹ ògiri náà. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Ọ̀dà á máa dán lára irin náà, inú á ti dógùn-ún.

Ìdí nìyí tí àwọn tó mọṣẹ́ fi máa ń sọ pé ẹni tó ń wa ọkọ̀ nínú omi iyọ̀, bó bá ti ń tó ọdún márùn-ún, kó tú mánífóòdù àti ráísà wò tàbí kó pààrọ̀ wọn. Tèmi ti lé ní ọdún méje kí n tó rí omi pupa tó ń sun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráísà ọwọ́ òsì.

Mo pe ẹ̀gbọ́n kan wá wò ó, ọmọ Ìlàjẹ, mẹkáníìkì ọkọ̀ ojú omi láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Owó tí wọ́n dá lé e ga lójú mi, mo ní n óò ṣe é fúnra mi. Wọn ò bínú rárá. Ìbéèrè kan ni wọ́n bi mí.

"Àbúrò, ṣé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lo fẹ́ pààrọ̀?"

"Rárá, Ẹ̀gbọ́n. Ráísà méjèèjì nìkan ni. Ẹ wo mánífóòdù, ó ṣì ń dán."

"Ọjọ́ kan náà ni wọ́n dé inú ọkọ̀ yìí. Omi kan náà ni wọ́n jọ ń mu."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo gbọ́ ohun tí wọ́n wí, n ò kàn gbà ni. Mánífóòdù méjì á gba bí 600 dọ́là lọ́wọ́ mi, mo sì ti mọ ohun tí n óò fi owó yẹn ṣe.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò le. Mo fọ́n epo sí ìdí àwọn bóòtù lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú kí wọ́n lè rọ̀. Mo tú orí bátìrì, mo ṣí ìdí mánífóòdù kí omi inú rẹ̀ ṣàn jáde, mo sì kọ orúkọ sára rọ́bà kọ̀ọ̀kan kí n má baà ṣì í dè. Ráísà àtijọ́ bọ́ kúrò, ojú mánífóòdù tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ wá hàn síta. Ó rí kótokòto bí ojú ẹni tí ilẹ̀ gbígbóná ti bá jà. Ọkàn mi sọ fún mi lójú ẹsẹ̀ pé kò dáa. Mo fi sáńpépà ha á títí ó fi mọ́, mo fi gọ́ọ̀mù kún àwọn kòtò rẹ̀, mo gbé gáásíkẹ̀tì tuntun lé e, mo sì fi ráísà tuntun bò ó mọ́lẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ṣe parí lójú mi nìyẹn.

Oṣù kan ni mo fi ń yangàn. Nígbà tó yá, láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ́ńjìnì ró "gbì" kó tó yí. Mo ra bátìrì.

Bátìrì kọ́ ni: gáásíkẹ̀tì tó wà láàárín ráísà àti mánífóòdù ti ń jẹ́ kí omi jò wọlé. Bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, agbára èéfín á máa ti omi náà jáde. Bí a bá pa á, kò sí ohun tó ń tì í mọ́. Á máa kán gba ẹnu fáàfù tó bá ṣí sílẹ̀, á sì dúró sórí písítìnì. Afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀, omi kò ṣeé fún. Písítìnì gòkè, ó bá omi, ó dúró gbì. Bí èèyàn bá ń fipá yí kọ́kọ́rọ́, irin tó gbé písítìnì lè tẹ̀. Èmi yí i lẹ́ẹ̀mẹta.

Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti sunkún tán, mo tú púlọ́ọ̀gì. Méjì ti dógùn-ún lọ́wọ́ òsì. Mo yí ẹ́ńjìnì, omi tú jáde nínú ihò wọn bíi ti ẹ̀rọ tó ń fọ́nmi. Mo fi ahọ́n kàn án: iyọ̀. Mo fa igi ọ́ìlì yọ, ọ́ìlì ti funfun bíi tíì onímílíìkì.

Ibi tí mo ti wá ṣe òmùgọ̀ jù ni pé mo dì í padà, mo ní n óò bojú tó o ní Sátidé tó ń bọ̀. Omi iyọ̀ àti irin jókòó pọ̀ fún ọjọ́ méje. Nígbà tí mo padà dé, ẹ́ńjìnì ti gan pa.

Ẹ̀gbọ́n Ìlàjẹ wá. Wọn ò sọ pé "ṣé mo sọ fún ẹ." Wọ́n tú mánífóòdù, wọ́n gbé rúlà irin lé ojú rẹ̀, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń yọ lábẹ́ rúlà.

"Gáásíkẹ̀tì kì í dí kòtò, àbúrò. Ojú méjì tó tẹ́jú ló ń jẹ́ kó dì."

Wọ́n ní ká ní mo ti lé omi jáde lọ́jọ́ náà gan-an, kí n fọ́n ọ́ìlì sínú sílíńdà, kí n pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà, kí n dí ojú ibi tó ń jò, kí n tan án títí yóò fi gbóná, kí n sì tún pààrọ̀ ọ́ìlì títí funfun yóò fi kúrò, ó ṣeé ṣe kí ẹ́ńjìnì náà yè. Wọ́n tún bi mí pé: "Omi ló wọlé sí ẹ. Bó bá jẹ́ èéfín ló jò sínú ọkọ̀ ńkọ́, tìyàwó tọmọ?" Carbon monoxide tó wà nínú èéfín ẹ́ńjìnì kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pa èèyàn. N ò rí èsì fọ̀.

Ẹ́ńjìnì mìíràn ná mi ju 6,000 dọ́là lọ, nítorí 600 tí mo ń sá fún.

Kì í ṣe pé mo ṣe é fúnra mi ló jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi. Èmi náà ni mo de mánífóòdù àti ráísà tuntun mọ́ ẹ́ńjìnì kejì, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà. Àárín ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í de bóòtù, mo ń dè é díẹ̀díẹ̀ lọ sí etí, ní ìwọ̀n tí ìwé ẹ́ńjìnì wí. Bí mo bá ti inú omi dé, mo máa ń fi omi tí kò níyọ̀ ṣan inú rẹ̀. Àwọn àgbà ní wọ́n sọ fún amúkùn-ún pé ẹrù rẹ̀ wọ́, ó ní òkè ni wọ́n ń wò, wọn ò wo ìsàlẹ̀. Èmi fúnra mi rí ìsàlẹ̀ náà, pẹ̀lú ojú mi méjèèjì, mo sì fi ráísà tuntun bò ó.

Mánífóòdù àtijọ́ yẹn wà nínú gáréèjì mi títí di òní, rúlà irin sì wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá wá yá sípánà lọ́wọ́ mi láti tún ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ ṣe, mo máa ń yá a. Ṣùgbọ́n tọ́ọ̀ṣì ni mo ń kọ́kọ́ fi lé e lọ́wọ́.