Ǹjẹ́ Àìgbáralé Ọlọ́hun Ni Kí A Fún Ọmọ Ní Oògùn Ọpọlọ?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ jẹ́ kí á bi ara wa ní ìbéèrè kan. Bí ibà bá mú ọmọ ní Ìgbẹ́tì níbí, a ó gbàdúrà, a ó sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé ìgbàgbọ́ wa kò pé. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kò bá sùn mọ́, tí ó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, kí ló dé tí ọ̀rọ̀ fi ń yí padà? A ó ní àlùjànnú ni, tàbí pé ayé ló ń ṣe é. A ó tì í mọ́lé kí aládùúgbò má baà gbọ́.

Ohun tí ìtìjú yìí ń bí burú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá kó ènìyàn 259 jáde nínú ibi tí wọ́n há wọn mọ́ ní Òjóò, Ìbàdàn, lórúkọ ìtọ́jú. Ọmọdé wà nínú wọn. Ní oṣù yẹn kan náà ni àjọ Human Rights Watch ròyìn pé àwọn rí ọmọ ọdún mẹ́wàá tí a fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè ní orílẹ̀-èdè wa. Ọ̀rọ̀ náà kan ilé ìtọ́jú Mùsùlùmí, ti Kristẹni àti ti ìbílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pàṣẹ pé kí á máa wá ìwòsàn. Ilé ìwòsàn tí Sultan Qalawun kọ́ sí Káírò ní ọdún 1284 ní iyàrá fún àwọn alárùn ọpọlọ. Àwọn baba wa náà mọ̀ pé egbò asofẹ́yẹjẹ ń mú kí orí tó dàrú rọlẹ̀. Èròjà reserpine tó wà nínú rẹ̀ ni àwọn dókítà òyìnbó lò fún àìsàn yìí ní nǹkan bí ọdún 1950 sí 1960. Àdúrà àti oògùn kì í ṣe ọ̀tá ara wọn.

Ṣùgbọ́n apá kejì wà. Oògùn ọpọlọ kì í ṣe pàṣán. Òmíràn ń mú ọmọ sùn ju bó ṣe yẹ lọ, òmíràn ń mú kí ó sanra, òmíràn ń mú iṣan le. Ní ọdún 2004, ìjọba Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ sára oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, pé ó lè mú kí àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ kan máa ro pípa ara wọn, nítorí náà kí á máa ṣọ́ wọn. Ẹni tó bá fún ọmọ olórí kunkun lóògùn kí ilé lè dákẹ́, ó ti ṣe àbòsí. Ẹni tó dá oògùn dúró lójijì láìbi dókítà, nítorí pé ara ọmọ ti yá, òun náà ti ṣì í ṣe.

Ohun ìfọkàntán ni ọmọ jẹ́ lọ́wọ́ wa. Òun kọ́ ló ń pinnu oògùn tí yóò lò, àwa ni. Nítorí náà ọ̀dọ̀ wa ni Ọlọ́hun yóò ti béèrè. Ẹ jẹ́ kí á bi ọmọ náà pé báwo ni oògùn ṣe ń ṣe é, kí á sì sọ ìdáhùn rẹ̀ fún dókítà.

Àrò ní Abẹ́òkúta àti UCH ní Ìbàdàn jìnnà sí wa, owó ọkọ̀ kò sì kéré. Ǹjẹ́ ẹgbẹ́ wa kò lè dáwó náà? Ǹjẹ́ ẹnì kan nínú wa kò lè bá ìyá ọmọ náà lọ? Bí ọmọ náà bá sì padà sí ilé-ìwé, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má pè é ní wèrè.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn ọmọ wa ní àlàáfíà, kí Ó sì jẹ́ kí á lè jíhìn wọn. Àmín.