Ìpolówó Fíìmù Adẹ́rùbani: Níbo Ni Irọ́ Ti Bẹ̀rẹ̀?

Lórí pósítà fíìmù Jaws, 1975, ẹja apanijẹ tó ń yọ bọ̀ lábẹ́ obìnrin tó ń lúwẹ̀ẹ́ tóbi kọjá ẹja gidi. N kò pe ìyẹn ní irọ́. Ta ni yóò pe ọjà rẹ̀ ní kíkan? Ti The Blair Witch Project, 1999, yàtọ̀. Wọ́n pín ìwé ìkéde pé àwọn òṣèré mẹ́ta rẹ̀ sọnù, pẹ̀lú orúkọ wọn gan-an. Àwọn kan tilẹ̀ fi káàdì ìbánikẹ́dùn ránṣẹ́ sí ìyá Heather Donahue, ọmọ rẹ̀ sì wà láàyè! Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì láti bẹ̀rù mọ ohun tó ń rà. Àwọn tó kọ káàdì ńkọ́? Àánú ni wọ́n ṣe.