Mọ Ilẹ̀ Náà Kí O Tó Ṣáná Sí I

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó dá sánmọ̀ àti ilẹ̀. Ikẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin lóbìnrin, bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́ ni iná máa ń sọ nínú igbó wa. Àgbẹ̀ fẹ́ palẹ̀ oko mọ́, ọdẹ fẹ́ lé ọ̀yà jáde. Bí iná bá wá ràn dé oko kòkó ẹlòmíràn, wọn a ní, "Kádàrá ni." Ẹ jẹ́ kí á yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò.

Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ya ilẹ̀ Mẹ̀dínà sọ́tọ̀, ó sì sọ ààlà rẹ̀, láti òkè Ayr dé òkè Thawr: a kò gbọdọ̀ gé igi ibẹ̀, a kò gbọdọ̀ ṣọdẹ ẹran ibẹ̀. Ó tún ya pápá Naqi' sọ́tọ̀ fún ẹṣin ogun. Irú pápá bẹ́ẹ̀ ni Lárúbáwá ń pè ní himaa. Nígbà tí Sayyidina Umar fi ẹnì kan ṣọ́ himaa, ó pàṣẹ pé kí ó jẹ́ kí ẹni tí ẹran rẹ̀ kò pọ̀ wọlé. Dídáàbò bo ilẹ̀ kì í ṣe láti fi ìyà jẹ mẹ̀kúnnù.

Ẹ má ṣe sọ pé ti ilẹ̀ Lárúbáwá nìyẹn. Ní 1929, àwọn òṣìṣẹ́ igbó ọba bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò kan ní Olókèméjì, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Wọ́n pín ilẹ̀ sí mẹ́ta. Wọn kò jẹ́ kí iná kan ti àkọ́kọ́. Wọ́n ń sun èkejì lọ́dọọdún ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko kò tíì gbẹ tán. Wọ́n ń sun ẹ̀kẹta nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń parí lọ. Lẹ́yìn ọdún 28, ti àkọ́kọ́ ti di igbó ṣíṣú, igi ṣì wà lórí èkejì, ẹ̀kẹta ti di pápá koríko tí igi rẹ̀ kò tó nǹkan. Òjò kan náà ló rọ̀ sí wọn. Iná ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ṣé kádàrá lásán nìyẹn, àbí iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn?

Lóde òní, sátẹ́láìtì ń rí iná igbó láti òkè, àwọn onímọ̀ sì ń ya máàpù ibi tí igi àti ẹranko rẹ̀ ṣe iyebíye àti ibi tí iná lè tètè ràn. Ṣùgbọ́n sátẹ́láìtì kò mọ ìsun omi tí ìyá yín ń pọn. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, ẹ jókòó ti àwọn àgbẹ̀, ọdẹ àti darandaran abúlé yín, kí ẹ ya ilẹ̀ yín sórí ìwé: ìsun omi, oko kòkó, ìrókò tó kù, àti ibi tí koríko gbígbẹ pọ̀ sí. Ẹ ro ààlà fífẹ̀ yí wọn ká kí ẹ̀ẹ̀rùn tó le. Ẹni tó bá fẹ́ sun oko, kí ó sọ fún aládùúgbò rẹ̀, kí ó sì dúró ti iná náà títí yóò fi kú.

Kùránì Alápọ̀n-ọ́nlé ròyìn ẹjọ́ tí Ànábì Dáwúdà àti Ànábì Sulaymán dá lórí àgùntàn tó jẹ oko olóko lóru. Bí alágùntàn bá jẹ̀bi ohun tí ẹran rẹ̀ bàjẹ́, kí ni ká wí nípa ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣáná? Kí ó tọ olóko lọ, kí ó tọrọ àforíjì, kí ó sì san ohun tó bàjẹ́. Kò gbọdọ̀ sá sẹ́yìn kádàrá.

Àmánà ni ilẹ̀. Kí Ọlọ́hun má ṣe jẹ́ kí á jẹ àmánà Rẹ̀ run. Àmín.