Ẹ̀bùn Wàrà

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí ní Tatonnonkon, bí àlejò bá ń pín wàrà oníyẹ̀fun lọ́fẹ̀ẹ́, ta ni yóò tún ra wàgàṣì lọ́wọ́ obìnrin Fúlàní? Ṣé oore nìyẹn?

Ẹ jẹ́ kí á wo Íńdíà. Láti 1970, àwọn ará Yúróòpù fi wàrà oníyẹ̀fun àti ọ̀rá wàrà ta wọ́n lọ́rẹ. Verghese Kurien àti àjọ rẹ̀ kò pín in káàkiri. Wọ́n pò ó, wọ́n tà á ní ìlú ńlá. Owó rẹ̀ ni wọ́n fi ra ọkọ̀ àti ẹ̀rọ tí ń mú wàrà tutù fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀. Ètò náà parí ní 1996, ẹgbẹ́ kò parí. Ní 1998, wàrà Íńdíà ti ju ti Amẹ́ríkà lọ.

Àmọ́ ẹ má gbàgbé èyí: láti 1946 ni àwọn àgbẹ̀ Kaira ti da ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, nítorí oníṣòwò ń rẹ́ wọn jẹ. Láàárọ̀ lálẹ́ ni wọ́n ń wọn wàrà ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀bùn bá wọn lórí ìdúró.

Bí ẹ̀bùn bá dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ tìrẹ lọ́la, ta ni yóò kọ iye rẹ̀ sínú ìwé? Ta ni yóò lè kà á?