Ọ̀rẹ́ Orí Ìwé àti Ẹni Inú Ilé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ṣùgbọ́n lóde òní, àwọn òǹkọ̀wé tí kò rí ara wọn rí a máa ti orí íntánẹ́ẹ̀tì di ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́. Bí wọ́n bá wá fẹ́ fojú kan ara wọn, Kàdúná yẹ fún irú ìpàdé bẹ́ẹ̀: níbẹ̀ ni KABAFEST, àjọ̀dún ìwé àti iṣẹ́ ọnà, ti kọ́kọ́ wáyé ní oṣù keje ọdún 2017. Ǹjẹ́ ó yẹ kí olúkúlùkù mú ọkọ tàbí aya rẹ̀ dání?

Àwọn kan ní kò yẹ, nítorí pé ẹni tí kì í kọ̀wé yóò dá jókòó bí àlejò ni. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé a máa pa gbólóhùn rẹ́, a sì tún un kọ, kí ó tó fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́. Ẹni inú ilé ni ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò rí àyè tún ṣe. Ẹni tí ó bá mú un dání, ẹlẹ́rìí ìwà ara rẹ̀ ni ó mú dání. Ẹni tí ó bá fi ọ̀rẹ́ pamọ́ fún un, ìfura ni ó ń gbìn sílé.

Síbẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ipá. Ìkọlù ọkọ̀ ojú irin Abuja sí Kàdúná ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 2022 fi hàn pé ìrìn àjò náà lè ní ewu. Ẹni tí yóò bá ni pín nínú ewu yẹ kí ó kọ́kọ́ bá ni pín nínú ìmọ̀ràn.